Ọmọ Mi Ń Sanra ní Kòríà

Oṣù kejì tí ọmọ mi obìnrin dé Kòríà ni mo ṣàkíyèsí pé iwájú orí rẹ̀ nìkan ni mo ń rí lórí fóònù. Bí a bá pe ara wa ní fídíò, màá rí irun rẹ̀, màá rí iwájú orí tó ń dán, màá rí àjà ilé funfun kan lókè rẹ̀, ó parí. Bí mo bá ní kó gbé fóònù náà wálẹ̀ díẹ̀ kí n rí ojú rẹ̀ dáadáa, á ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Nẹ́tíwọ̀kì tó ń gbé ohùn rẹ̀ wá ketekete láti ìpẹ̀kun ayé! Ní Kòríà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe fóònù!

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà náà. Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, la bí i sí, ẹ̀gbẹ́ Yarnton Way ló sì ti dàgbà, nínú fúláàtì kan náà tí a ṣì ń gbé. Ó jáde ní yunifásítì, ó wá iṣẹ́ títí, èyí tó rí kò wù ú, èyí tó wù ú, kò rí i. Lọ́jọ́ kan ló wọlé, tó ní òun fẹ́ lọ máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Kòríà, pé wọ́n máa fún òun nílé, wọ́n á sì gbé òun dé ibẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kó máa lọ, pé ayé fẹ̀. Èmi ò ní kó má lọ, ṣùgbọ́n inú mi ò sí níbẹ̀. Àwa la fi Èkó sílẹ̀ wá síbí kí ọmọ wa má baà rìn jìnnà kó tó jẹun. Òun náà tún wá ń di ẹrù.

Iṣẹ́ mi ló kọ́ mi ní ìfura. Ilé àwọn arúgbó ni mò ń lọ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́: mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń fún wọn lóògùn, mò ń fi ṣíbí bọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Arúgbó á sọ fún ọ pé òun ti jẹun. Lọ wo inú garawa ìdọ̀tí, wàá bá búrẹ́dì náà lódindi níbẹ̀. Á ní òun ò ṣubú. Ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, wàá rí igunpá tó ti dúdú. Kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ òpùrọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wọ́n máa kó àwọn kúrò nílé àwọn ni. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń wo ohun tí ẹnu ò sọ. Ìfura loògùn àgbà, èmi ń fi tèmi ṣiṣẹ́ oṣù.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọmọ mi bí mo ṣe ń wo wọ́n nìyẹn. Àárọ̀ Sátidé la máa ń pe ara wa. Ìrọ̀lẹ́ ni tiwọn lọ́hùn-ún. Gbogbo ìgbà ló ń wọ súwẹ́tà gbàgẹ̀rẹ̀ kan tó bò ó dé itan. Ó ní òtútù ń mú. Mo tẹ fóònù mi, mo wo ojú ọjọ́ ìlú tó wà: oòrùn ń ràn yòò. Lọ́sẹ̀ kejì, nígbà tó ń gbé fóònù láti orí tábìlì lọ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo rí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ fìrí. Sílípáàsì méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Ìkejì tóbi, ó dúdú, ó rí bíi tọkùnrin.

Mo ní, "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

Ó ní, "Kò sí ẹnikẹ́ni, Mọ́mì. Kí ló dé?"

Ọmọ tí a bí síbí ni, kò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí, mo sì ti fi ìyẹn sílẹ̀ fún un tipẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ yí padà nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó fi fọ́tò ara rẹ̀ ránṣẹ́, èyí tó dúró nínú rẹ̀, kí n fi han àwọn ará ìjọ. Ó fi í ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó rẹwà, ó tín-ínrín, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù ni mo rí yẹtí tó wà létí rẹ̀. Yẹtí oníwúrà tí ìyá mi fún un ni, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ti kán ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò rẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀ mi ni méjèèjì wà. Mo ṣí i, mo wò wọ́n. Fọ́tò àtijọ́ ni ọmọ mi fi ránṣẹ́ sí mi, ó gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò kí n má baà mọ ògiri ilé wa.

Ẹni tó bá fi fọ́tò àtijọ́ han ìyá rẹ̀ ní ohun tuntun tó ń fi pamọ́.

Ọ̀kan lára àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló tú u fó. Ó gbé fọ́tò kan sórí ẹ̀rọ ayélujára, orúkọ ọmọ mi sì wà lára rẹ̀, ó sì hàn sí mi. Wọ́n jókòó yí tábìlì kan ká, iná wà láàárín tábìlì náà gan-an, wọ́n ń yan ẹran lórí rẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni ọmọ tèmi wà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún. Ó gbé báàgì rẹ̀ sórí itan, ó fi apá méjèèjì dì í mọ́ ikùn bí ẹni tó gbé ọmọ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà.

Mo gbé fọ́tò yìí lọ bá Auntie kan nínú ìjọ wa. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, a ń bọ́ bàtà sílẹ̀ ká tó wọlé. Auntie yìí ti gbẹ̀bí ní Ìbàdàn àti ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó fẹ̀yìn tì, ìgbà tí ìsìn parí ni mo fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó fẹ fọ́tò náà títí tó fi ku ọrùn nìkan, ó tún sún un lọ síbi báàgì.

Mo ní, "Kí lẹ rí, mà?"

Ó ní, "Mi ò rí nǹkan kan o." Ó bọ́ awò ojú. "Ṣùgbọ́n kí ló dé tó ń di báàgì mú báyẹn? Ẹ máa gbàdúrà, ìyá ọmọ. Ẹ máa gbàdúrà."

Kò dárúkọ oyún. Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé fúnra mi.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìbéèrè mi di ìdẹkùn. Mo bi í bóyá èébì ń gbé e láàárọ̀. Mo bi í bóyá oúnjẹ kan wà tó ń rùn sí i. Mo sọ fún un pé ọmọ ẹnì kan níbí bímọ, gbogbo wa sì bá a dúpẹ́, mo wá dákẹ́ kí n gbọ́ ohun tí yóò sọ. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ bá mi kí i." Ó ti lo "ẹ"! Ìyẹn gan-an tún já mi láyà.

Mo sọ fún bàbá rẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ọkọ mi, ọkùnrin tí kì í sùn bí ọmọ yìí bá ní orí ń fọ́ òun. Ó ń jẹun nígbà tí mo wọlé tọ̀ ọ́. Mo ní, "Ọmọ yín lóyún ní Kòríà."

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Ojú mi ni."

"Fi ọmọ lọ́rùn sílẹ̀, jọ̀ọ́." Ó ń bá ìrẹsì rẹ̀ lọ.

Ó tán. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ọkùnrin tó máa ń fò dìde fún ẹ̀fọ́rí ni wọ́n sọ pé ọmọ rẹ̀ lóyún lókè òkun, tó ń wá ẹran nínú ọbẹ̀. Mo dúró ti ilẹ̀kùn ìdáná, mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí tí mo fẹ́ fọ jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo bá rìsíìtì kan. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní Woolwich ló ti wá. Ṣòkòtò obìnrin méjì, sáìsì ogún. Pátá obìnrin, sáìsì kan náà. Kọ́mú.

Sáìsì mẹ́rìndínlógún ni mí.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: ọmọ mi kúrò lọ́kàn mi lójú ẹsẹ̀. Mo jókòó sórí ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo ń ka gbogbo obìnrin tó sanra tí ọkọ mi mọ̀. Mo kà wọ́n nínú ìjọ, mo kà wọ́n ní àdúgbò, mo kà wọ́n ní gáréèjì bọ́ọ̀sì. Mo rántí èyí tó máa ń jókòó níwájú nínú ọkọ̀ wa bí òjò bá ń rọ̀ lẹ́yìn ìsìn, tó máa ń sọ pé, "Ọlọ́run á bù kún yín, Dádì." Mo dá rìsíìtì náà padà sí àpò rẹ̀ bí mo ṣe bá a. Mi ò fọ jákẹ́ẹ̀tì mọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Bó ṣe di Ọjọ́bọ̀, ó fá irùngbọ̀n, ó ní òun ń lọ rí bábà, onígbàjámọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ti fá irùngbọ̀n tán! Mo ti bá ẹnì kan pààrọ̀ iṣẹ́ láìsọ fún un. Mo jẹ́ kó wọ bọ́ọ̀sì lọ, mo sáré lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Abbey Wood, mo sì ṣáájú rẹ̀ dé Woolwich. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà ti wà nínú orí mi. Mo dúró sí òdìkejì ọ̀nà, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta àpò fóònù, mo so gèlè mọ́rí bí ẹni tí etí ń dùn.

Ó dé. Òun nìkan ni. Mo rí i láti ojú gíláàsì: ó lọ tààrà síbi ṣòkòtò obìnrin bí ẹni tó mọ ọ̀nà. Ó mú ọ̀kan, ó gbé e mọ́ ìbàdí ara rẹ̀ láti fi wọn ọ́n, ọmọbìnrin tó ń tajà sì ń rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ ẹ sórí káńtà, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan. Ó dúró, ó ń wo fóònù. Èsì dé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn! Mo ti gbàgbé pé ó ní irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀.

Ó sanwó, ó jáde, mo tẹ̀ lé e. Kò lọ sí ilé obìnrin kankan. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló wọ̀. Ó tò sórí ìlà, ó mú fọ́ọ̀mù kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì. Mo wọlé, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, mo na ọrùn. Orúkọ ọmọ wa ni mo rí. Kòríà ni mo rí.

Mo ní, "Dádì."

Bírò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ta ló ní sáìsì ogún?"

Obìnrin kan tó wà lẹ́yìn mi sọ pé ìlà ti sún, pé ká jọ̀ọ́ ká sún. A sún. A fi ẹrù náà ránṣẹ́ tán, bí ẹni pé torí ẹ̀ la jọ ṣe wá. Lẹ́yìn náà la lọ jókòó ní gbàgede, lórí àwọn ìjókòó olókùúta tó dojú kọ tẹlifíṣọ̀n ńlá tí wọ́n gbé sókè fún gbogbo ìlú. Wọ́n ń sọ nǹkan nípa ọgbà ẹ̀fọ́ lórí rẹ̀. Ọkọ mi ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ dáko.

Ó ní, "Ó ti sanra ni. Ó sanra gan-an. Aṣọ tó gbé lọ ò wọ̀ ọ́ mọ́, wọn ò sì ní sáìsì rẹ̀ lọ́hùn-ún. Èmi ló ní kí n bá òun wá a."

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

Ó tún gbójú sókè sí tẹlifíṣọ̀n.

"Mo ní kí ló dé?"

Ó ní, "Ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ ohun tí o máa sọ. Ohun tó sọ nìyẹn. Èmi kọ́ o."

Mo fẹ́ bínú, mo wá ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò rí i. Mo wá dì mọ́ ìfura mi. Mo ní ó ṣì lè jẹ́ oyún. Mo ní ọkùnrin mélòó ló mọ oyún yàtọ̀ sí ọ̀rá? Ó wò mí, ó mi orí, ó ní òun ń lọ rí bábà ní tòótọ́. Ó sì lọ. Mi ò tẹ̀ lé e mọ́.

Ní Sátidé, mo pe ọmọ mi. Iwájú orí ló tún fi pàdé mi.

Mo ní, "Bàbá rẹ ti sọ fún mi. Dìde dúró."

Mo rò pé yóò ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé fóònù náà ti nǹkan kan lórí ṣẹ́ẹ̀fù, ó fà sẹ́yìn títí mo fi rí i láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì ká súwẹ́tà náà sókè dé abẹ́ ọmú.

Mo mọ ara ènìyàn. Mo ti wẹ ara tó gbẹ, mo ti wẹ ara tó wú, mo ti wẹ èyí tó rù lójú mi láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe oyún. Ọ̀rá ni. Ikùn náà rọ̀, ó ṣẹ́po lé ara rẹ̀, ìbàdí ti gba ẹ̀gbẹ́, apá ti kún. Ara ọmọ tó ń jẹun tí kì í rìn ni. Ọkàn mi balẹ̀ débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo la ẹnu láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ohun tó jáde ni, "Kí lo wá ń jẹ tó báyìí?"

Ó ju súwẹ́tà sílẹ̀. "Ṣé o rí i? Ṣé o rí i, Mọ́mì?"

"Kí ni mo sọ? Mo bi ọ́ ní ìbéèrè ni."

"O ò rántí ilé aránṣọ."

Mo ní aránṣọ wo? Ó sọ fún mi. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lòun nígbà náà, pé a lọ wọn aṣọ ìdúpẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ kan ní Plumstead, síìpù kò gòkè, mo sì yíjú sí àwọn obìnrin mẹ́ta tó jókòó níbẹ̀, mo ní, "Ẹ wo ikùn ọmọ yìí bí ẹni tó lóyún oṣù mẹ́rin." Ó ní gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín kí wọ́n má baà mọ̀."

Mo rántí aránṣọ náà. Mo rántí léèsì náà, aláwọ̀ búlúù ni, mo rántí pé síìpù rẹ̀ ni wọ́n tún pààrọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò rántí. Títí di òní, mo ń wá a nínú orí mi, mi ò rí i. Mo kọ́kọ́ rò pé ọmọ ló fi kún un. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn mi nínú rẹ̀. Bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Mo ní, "Tó bá jẹ́ pé mo sọ ọ́, má bínú."

Ó ní, "O sọ ọ́."

Mo ní, "Má bínú."

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì fi ojú rẹ̀ lódindi sí fóònù fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́rin. Ojú náà kún, ó dàbí ojú ìyá mi. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, mi ò dá a dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ahọ́n ń yún mi.

Ó ní kò sí ọ̀rẹ́ níbi tóun wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ èdè òun, kò sẹ́ni tóun ń gbọ́ tirẹ̀. Iná gáàsì kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá òun, tóun bá dé láti ilé ìwé kò sí agbára láti máa se nǹkan fún ẹyọ ẹnu kan. Àwọn tó ń gbé adìyẹ díndín wá dé ẹnu ọ̀nà sì wà, wọ́n á ti dé kí o tó wẹ̀ tán. Ó ní òun nìkan á jókòó, òun nìkan á jẹ adìyẹ odidi kan, òun á fi fóònù wo nǹkan títí. Búrẹ́dì wọn dùn bíi kéèkì. Lẹ́yìn iṣẹ́, ọ̀gá ilé ìwé á kó gbogbo wọn lọ sí ilé oúnjẹ, àgbà ibẹ̀ á máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ẹran sí abọ́ ẹ, o ò sì gbọdọ̀ kọ̀.

Mo ní, "Bíi tiwa ni."

Ó ní, "Bíi tiyín gẹ́lẹ́."

Ó ní kì í ṣe òun nìkan. Ọmọkùnrin ará Kánádà kan tó ń kọ́ kíláàsì kejì dé pẹ̀lú ìgbànú, ó ti yọ ìgbànú náà báyìí torí ṣòkòtò fúnra rẹ̀ ti mú un ṣinṣin. Obìnrin ará Ireland kan sọ pé ọdún àkọ́kọ́ ni gbogbo àjèjì máa ń wú. Ẹnì kan wà nínú wọn tó rù, àmọ́ ìyẹn ń gun òkè ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, kò sì fẹ́ràn ẹran.

Ó ní inú ṣọ́ọ̀bù ni ojú ti ń ti òun jù. Sáìsì kan fún gbogbo ayé ni wọ́n ń kọ sára aṣọ, gbogbo ayé náà ò sì ju ọmọ ọdún méjìlá lọ. Òun wọ ṣọ́ọ̀bù kan lọ́jọ́ kan, kí òun tó fọwọ́ kan nǹkan, ọmọbìnrin tó ń tajà ti fi apá méjèèjì ṣe àmì àgbélébùú níwájú òun: kò sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó àwọn olùkọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ara, nọ́ọ̀sì ka ìwọ̀n òun sókè, gbogbo wọn gbọ́. Ìyá àgbà tó ń gbálẹ̀ ilé ìwé, tó fẹ́ràn òun, máa ń fọwọ́ gbá òun níkùn pẹ́pẹ́, á ní o ti sanra o, á sì fún òun ní ọ̀dùnkún sísè.

Ó ní, "Àwọn ọmọ kíláàsì mi náà bi mí. Wọ́n ní, 'Tíṣà, ọmọ wà nínú ẹ̀?'"

Mo yí ojú kúrò lára fóònù.

Ó ní, "Ìwọ náà rò bẹ́ẹ̀, àbí?"

Mo ní, "Sílípáàsì ọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ ńkọ́?"

Ó fi ẹ̀rín bú sẹ́kún, tàbí ó fi ẹkún bú sẹ́rìn-ín, mi ò lè sọ èyí tó jẹ́. Ó ní ti àlejò ni, pé gbogbo ilé ibẹ̀ ló ní i torí ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọlé. Ó ní, "Bíi ṣọ́ọ̀ṣì yín. Kò tíì sẹ́ni tó wọ̀ ọ́, Mọ́mì. Kò tíì sí àlejò."

Lẹ́yìn tí a pa fóònù, ìyẹn ló ń dùn mí jù, pé kò tíì sí àlejò. Mo rántí ọdún tí èmi náà dé Woolwich. Yàrá kan ní òkè ṣọ́ọ̀bù, òtútù, ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi àti búrẹ́dì alábọ́tà. Mo sanra ní ọdún yẹn débi pé òrùka ìgbéyàwó mi ò yọ mọ́. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sílé, ìyá mi sì gbé e káàkiri àdúgbò: ẹ wo ọmọ mi, ara ti tù ú. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mò ń sunkún. Ara kan náà ni, wọ́n fi tèmi dúpẹ́, mo fi tọmọ mi ṣe ọlọ́pàá.

Mo sọ fún Auntie wa ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kì í ṣe oyún. Ó ní, "Ṣebí mo ti sọ fún yín pé mi ò rí nǹkan kan." Ó sì tún bi mí bóyá mo ti rí ikùn náà ní ẹ̀gbẹ́, pé iwájú nìkan ò tó. Mo kí i pé ó dàbọ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló wálé fún ọ̀sẹ̀ méjì. A pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Abbey Wood, bàbá rẹ̀ gba àpótí, mo gbá a mọ́ra. Ọwọ́ mi wọn ọ́n kí n tó mọ̀. Mo ti búra pé mi ò ní sọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀, mi ò sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu nìkan ni mo bá dá májẹ̀mú, mi ò bá ojú dá a. Bó bá ń jẹun, màá máa nu tábìlì tí ó ti mọ́. Bó bá ṣí fíríìjì, etí mi á nà. Lọ́jọ́ kẹta, ó jáde ní balùwẹ̀, ó bá mi níbi tí mo ti tẹ̀ba sórí garawa ìdọ̀tí, tí mò ń wo ohun tó jẹ lọ́sàn-án.

Ó ní, "Mọ́mì. Ṣé ọ̀kan lára àwọn arúgbó rẹ ni mí?"

Mo ní rárá, mò ń wá ṣíbí kan ni. Ó na ọwọ́, ó fa dúrọ́ọ̀ yọ. Gbogbo ṣíbí wà níbẹ̀. Ó lọ sínú yàrá rẹ̀, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bàbá rẹ̀ ló bá wa dá sí i. Ó ní kí àwa méjèèjì jáde nílé lọ́jọ́ Sátidé, kí a lọ rìn ní Shooters Hill, òun fẹ́ sinmi lọ́wọ́ ìdákẹ́jẹ́ wa. A wọ bọ́ọ̀sì. Nínú ọkàn mi, mo gbà pé ìrìn yìí máa ṣe é láǹfààní, mo tilẹ̀ ti pinnu láti máa rìn díẹ̀díẹ̀ kó má baà rẹ̀ ẹ́.

Òkè náà ga. Ọmọ mi rìn ín bí ẹni tó ń lọ sí ọjà. Ó ní ìlú tóun wà lọ́hùn-ún kò ní ibì kan tó tẹ́jú, pé òun ń gun àtẹ̀gùn lọ sílé ìwé lójoojúmọ́. Nígbà tí a dé ìdajì, ọgbà ilé ẹnì kan ni mo dì mú. Èémí mi ń lọ bí ti ajá. Ó ti ṣíwájú, kò mọ̀. Ìgbà tó bojú wẹ̀yìn tí kò rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó wò mí. Ó wo ojú mi, ó wo àyà mi tó ń lọ sókè sódò, ó wo kókósẹ̀ mi tó ti wú nínú bàtà. Mo mọ ìwò yẹn. Mo dúró de ọ̀rọ̀ tó máa tẹ̀ lé e, ojú ti ń tì mí sílẹ̀ dè é.

Kò sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ jókòó. Kò sẹ́ni tó ń lé wa."

A jókòó sórí ògiri kúkúrú kan. Láti ibẹ̀, a lè rí odò lókèèrè, a sì lè rí ibi tí Thamesmead wà nínú kùrukùru. Ó ní wọ́n ti ní kí òun ṣe ọdún kan sí i, pé òun fẹ́ gbà. Ó ti ní ọ̀rẹ́ méjì báyìí, wọ́n sì jọ ń se oúnjẹ ní ilé ara wọn ní ọjọ́ Àìkú.

Mo ní, "Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Mọ́mì!"

"Mo bi ọ́ ní ìbéèrè ni."

Ó rẹ́rìn-ín, kò dá mi lóhùn, mo sì ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ bóyá màá rí èsì náà lójú rẹ̀. Mi ò rí i. Nígbà tí èémí mi padà, ó nawọ́ sí mi, mo gbá a mú, a sì gun èyí tó kù.